Kí Ni Yorùbá Ń Pe Ẹni Tí Kò Gbà Pé Ọlọ́run Wà?

Ìbéèrè kan ni ó bí àròkọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ kan lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá. A ti sọ̀rọ̀ dé orí Olódùmarè àti àwọn òrìṣà, mo sì ti ń kó ìwé mi nílẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni Yorùbá ń pe ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà rárá?" Kí n tó la ẹnu, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá a lóhùn pé, "Wèrè ni wọ́n ń pè é." Gbogbo kíláàsì bú sí ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì ní kí a fi ìbéèrè náà sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kò ní ìdáhùn. Èmi tí mo ti lo ohun tí ó lé ní ogún ọdún nídìí kíkọ́ ènìyàn ní èdè Yorùbá, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nà sí i.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ọmọ náà dúró. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé ọ̀rọ̀ ara òun ni òun ń béèrè. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ àdúrà nínú ìjọ wọn, kò sì tíì sọ fún un. Kì í ṣe ọ̀run àpáàdì ni ó ń bà á lẹ́rù, nítorí kò gbà pé ó wà. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni pé bí ìyá rẹ̀ bá gbọ́, yóò ní kì í ṣe ọmọ Yorùbá mọ́. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni, sà? Ṣé kò sí irú mi rí nínú ìran wa?"

N kò kọ àròkọ yìí láti fi ẹ̀rí hàn pé Ọlọ́run wà tàbí pé kò sí. Èmi fúnra mi gbà pé Ó wà, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí mo gbé lé ara mi lọ́wọ́ ni láti tọ ipa àríyànjiyàn yìí nínú èdè wa àti nínú ìtàn wa, kí a lè mọ ohun tí àwọn baba wa jiyàn lé lórí gan-an, kí a má baà fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ sí wọn lẹ́nu.

Ohun tí èdè wa ní àti ohun tí kò ní

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ènìyàn lẹ́nu ni "kèfèrí". Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni ní ìpìlẹ̀, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni ó sì ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, kí àwọn Onígbàgbọ́ tó gbà á, tí wọ́n sì fi í sínú Bíbélì Yorùbá. Ṣùgbọ́n ta ni Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ń pè ní kèfèrí? Ẹni tí ó ń bọ Ògún ni, ẹni tí ó ń bọ Ọ̀ṣun, ẹni tí ó ń dífá. Ẹni tí àwọn ohun tí ó ń sìn pọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí kò sin ohunkóhun. A kò lè fi orúkọ ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù pe ẹni tí kò ru nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "aláìgbàgbọ́". Èyí náà kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ti wọ ilẹ̀ wa ni "ìgbàgbọ́" ti di orúkọ ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀, tí "onígbàgbọ́" sì di ọmọlẹ́yìn Jésù. Nípa bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí tí ń kírun ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ jẹ́ aláìgbàgbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ ẹni tí kò sí nínú agbo wa. Kò sọ ẹni tí kò sí nínú agbo kankan.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ṣe. Ní ìlú Athens, ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún Socrates. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn ní ilẹ̀ ọba Róòmù, àwọn ará Róòmù ń pe àwọn Kírísítẹ́nì gan-an ní aláìní-ọlọ́run, nítorí pé wọn kò rúbọ sí àwọn òrìṣà ìlú. Ẹ ò rí i pé orúkọ tí àwọn Kírísítẹ́nì òde òní ń fi na ẹlòmíràn ní pàṣán ti jẹ́ pàṣán tí wọ́n fi na àwọn baba wọn nínú ìgbàgbọ́ rí.

Bí a bá tún wo èdè wa dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn lọ́dọ̀ wa kì í ṣe "gbà". "Sìn" ni, "bọ" ni. Láti ara "sìn" ni a ti ṣẹ̀dá "ẹ̀sìn", láti ara "bọ" ni a ti ṣẹ̀dá "ẹbọ". Ohun tí ènìyàn ń ṣe ni àwọn baba wa fi ń mọ ẹ̀sìn rẹ̀. Wọn kì í béèrè ohun tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ̀bi lójú wọn ni ẹni tí ó pa ojúbọ baba rẹ̀ tì, tí kò dá sí ọdún ìlú, tí kò sì fi obì kan orí. Ṣé ẹni náà gbà pé òrìṣà wà ni, ṣé kò gbà? Ìyẹn kì í sábà jẹ́ ìbéèrè.

Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí méjì, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1986 lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n rí i pé àwọn àgbà wọ̀nyí ya "mọ̀" sọ́tọ̀ kúrò lára "gbàgbọ́" ní ọ̀nà tí ó le. Ohun tí ojú mi bá ṣe nìkan ni mo lè sọ pé mo mọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi, ìbáà jẹ́ ní ilé-ìwé, ìbáà jẹ́ láti ẹnu bàbá mi, mo gbà á gbọ́ ni, n kò lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n títí n ó fi dán an wò. Ẹ fi ìwọ̀n yìí wọn àríyànjiyàn tiwa. Ẹni tí ó ń lọgun nínú ìwàásù pé òun mọ̀ pé Ọlọ́run wà, àti ẹni tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pé òun mọ̀ pé Ọlọ́run kò sí, àwọn àgbà Èkìtì wọ̀nyẹn yóò bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: ṣé ó ṣojú rẹ?

Ohun tí wọ́n bá àwọn míṣọ́nnárì jiyàn lé lórí

Ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí Henry Townsend náà sì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1844, Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní ìlú Freetown. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, nínú ìwé àtìgbàdégbà kan tí wọ́n tẹ̀ ní Paris, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Karl Marx fi ẹ̀sìn wé ògùn apàrora tí àwọn ènìyàn tí ayé ń ni lára ń lò. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn. Ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó wá pàdé nínú ọgbà yunifásítì wa.

Nígbà tí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, "Ọlọ́run" ni wọ́n mú fún Ọlọ́run Bíbélì, wọ́n sì mú Èṣù fún Sàtánì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti bá wọn wí lórí ti Èṣù, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ti Ọlọ́run kò fa ìjà lọ títí, nítorí pé àwọn ènìyàn kò jiyàn pé Ọlọ́run wà. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ń kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ́nù, èyí tí J. D. Y. Peel fi kọ ìwé ńlá rẹ̀ ní ọdún 2000, fi èyí hàn wá kedere. Ajíhìnrere a dúró ní ọjà, a ní Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó dá ayé. Àwọn olùgbọ́ rẹ̀ a ní bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀ ọ́n, Òun náà ni ó fún wa ní àwọn òrìṣà. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ni ó yẹ kí á sìn, àti nípasẹ̀ ta ni? Ìbéèrè pé bóyá ẹnikẹ́ni wà lókè kò sí lórí àtẹ.

Síbẹ̀, kí á má ṣe rò pé ojú àwọn baba wa dí. Wọ́n mọ bí a ti ń fi òrìṣà sábẹ́ ìdánwò. Wọ́n ní, òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Wọ́n tún ní, bí ènìyàn kò bá sí, imalẹ̀ kò sí. Karin Barber, tí ó gbé Òkukù fún ọdún mélòó kan, kọ àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1981 tí ó fi ṣàlàyé bí ó ti jẹ́ pé lójú Yorùbá, ìtọ́jú àti ìyìn ọmọ ènìyàn ni ó ń sọ òrìṣà di ńlá. Òrìṣà tí olùsìn rẹ̀ bá tán, òkìkí rẹ̀ a tán. Ẹni tí òrìṣà kan kò gbè a wá òmíràn lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kan ti gbá òwe kejì yìí mú. Wọ́n ní ẹ̀rí nìyí pé àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó mọ ọlọ́run. N kò lè bá wọn dé ibẹ̀. Imalẹ̀ ni òwe náà dárúkọ, kò dárúkọ Olódùmarè. N kò tíì gbọ́ lẹ́nu àgbà kankan rí pé bí ènìyàn kò bá sí, Ọlọ́run kò sí. Ṣùgbọ́n òwe náà ṣe wá ní oore kan: ó fi hàn pé kì í ṣe èèwọ̀ láti bi òrìṣà léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti pé ẹni tí ó béèrè kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di àlejò nínú ilé baba rẹ̀.

Bọ́lájí Ìdòwú àti Okot p'Bitek

Nígbà tí àwọn òyìnbó kan ti kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn dúdú kò mọ Ọlọ́run, tí wọ́n ń bọ igi àti òkúta lásán, ọ̀mọ̀wé ọmọ Ìkòròdú kan dìde láti fèsì. E. Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde ní ọdún 1962. Ó fi orúkọ, òwe, ìtàn àti ẹsẹ Ifá gbé e kalẹ̀ pé Olódùmarè ni olórí ohun gbogbo nínú ẹ̀sìn Yorùbá, pé ìránṣẹ́ Rẹ̀ ni àwọn òrìṣà. Ìwé náà gbé wa níyì. Àwa tí a kà á nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, ṣe ni orí wa ń wú.

Ní ọdún 1970, Okot p'Bitek, akéwì àti onímọ̀ ọmọ Acholi láti ilẹ̀ Uganda, gbé ìwé kan jáde tí ó fi ta ko Ìdòwú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò Áfíríkà. Ó ní ẹ̀wù Gíríìkì ni wọ́n ń wọ̀ fún àwọn òrìṣà Áfíríkà, kí àwọn òyìnbó lè bọ̀wọ̀ fún wa. Ó tún sọ ìtàn kan tí n kì í gbàgbé. Àwọn àlùfáà ìjọ Páàdì láti Ítálì bi àwọn àgbà Acholi ní ọdún 1911 pé ta ni ó dá wọn. Èdè wọn kò ní ọ̀rọ̀ tí ó bá "dá" mu ní ìtumọ̀ yẹn, ni ìbéèrè náà bá di "ta ni ó mọ yín?", bí ẹni ń mọ ìkòkò. Ìbéèrè náà kò ní ìtumọ̀ lójú wọn, nítorí ìyá ẹni ni ó ń bí ni, ni àwọn àgbà bá ní àwọn kò mọ̀. Àwọn àlùfáà kò gbà. Nígbà tí wọ́n fi ìbéèrè yọ wọ́n lẹ́nu títí, àgbà kan rántí pé àìsàn kan wà tí í máa ń ká ènìyàn ní eegun ẹ̀yìn títí yóò fi di abuké, àti pé ẹ̀mí burúkú tí wọ́n ń pè ní Rubanga ni wọ́n gbà pé ó ń mọ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Rubanga ni." Báyìí ni Rubanga ṣe di orúkọ Ọlọ́run nínú ẹ̀kọ́ ìjọ.

Ọ̀rọ̀ p'Bitek kò bá Yorùbá wí tán. Àwa ní ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní "dá", a ní ìtàn Ọbàtálá tí ń mọ ara àti Olódùmarè tí ń fi èémí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan wà nínú ìkìlọ̀ rẹ̀ tí ó gún èmi. Ìdòwú fi orúkọ ènìyàn ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ àwa náà mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí orúkọ. Ìdílé mélòó ni ó ti yọ Ifá tàbí Ògún kúrò nínú orúkọ wọn, tí wọ́n fi Olú rọ́pò, tí Fágbèmí di Olúgbèmí? Bákan náà, Olódùmarè tí Ìdòwú ní ó jẹ́ olórí ohun gbogbo, kò ní ojúbọ àti àwòrò káàkiri ilẹ̀ wa bí Ògún àti Ọ̀ṣun ti ní. Ìdòwú ní àlàyé tirẹ̀ fún èyí, pé títóbi Rẹ̀ ni kò jẹ́ kí á sé E mọ́ inú ilé. Ẹlòmíràn lè ní jíjìnnà Rẹ̀ ni. Ẹ̀rí kan náà ni, ọ̀nà méjì ni a gbà kà á.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé Ìdòwú àti p'Bitek jọ ṣe àṣìṣe kan. Ọ̀kan fẹ́ kí àwọn baba wa wá jẹ́rìí fún Bíbélì, èkejì fẹ́ kí wọ́n wá jẹ́rìí ta ko ó. Wọ́n pè wọ́n sí ẹjọ́ tí kò sí ní ilé ẹjọ́ ayé tiwọn.

Táì Ṣólàárín ti Ìkẹ́nnẹ́

Ẹjọ́ náà wá dé ilẹ̀ wa gidi nígbà tí ọmọ Yorùbá kan dìde ní ọ̀sán gangan, tí ó ní òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni a bí Táì Ṣólàárín sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1922. Ìbejì ni, Táíwò ni a gé kúrú sí Táì. Ọkùnrin tí ó kọ gbogbo òrìṣà sílẹ̀ yìí, orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ jẹ́ orúkọ àwọn tí Yorùbá kà sí òrìṣà láti inú ìyá wọn wá.

Ilé-ìwé ìjọ ni ó lọ. Ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì kàwé ní Manchester àti Lọ́ńdọ́nù. Ní ọdún 1952, ó di ọ̀gá ilé-ìwé Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àìfohùnṣọ̀kan lórí àdúrà àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni ó mú un fi ibẹ̀ sílẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1956, òun àti Sheila aya rẹ̀ sì dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́.

Kí a tó lè mọ bí ohun tí ó ṣe ti tóbi tó, ó yẹ kí á rántí bí ilé-ìwé ti rí nígbà náà. Láti ọdún 1859 tí CMS ti dá ilé-ìwé gírámà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó, ọwọ́ ìjọ ni ọ̀pọ̀ jù nínú ilé-ìwé wà. Ẹni tí ó fẹ́ ka ìwé ní láti kọ orin ìyìn mọ́ ọn. Ọmọ Mùsùlùmí tí ó wọlé ní Ràímì lè jáde ní Raymond. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923 nìyẹn, kí àwọn ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìpàdánù ẹ̀sìn wọn. Ní ọdún 1955, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún kejì ni Ṣólàárín dá ilé-ìwé tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ní mọ́ṣáláṣí, tí kò sì ní àdúrà òwúrọ̀. Ìlú kékeré kan náà ni ó bí onígbàgbọ́ tí ó sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ àti aláìgbà tí ó tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ.

Orúkọ tí ó sọ ilé-ìwé náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mayflower ni ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn olùfọkànsìn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620, kí wọ́n lè rí ààyè sin Ọlọ́run bí ó ti wù wọ́n. Orúkọ ọkọ̀ àwọn tí ń sá nítorí Ọlọ́run ni ó fi sọ ilé-ìwé tí kò pe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìgboyà tí ó mú wọn wọkọ̀ ni ó fẹ́, kì í ṣe ẹrù tí wọ́n kó dání.

Kì í ṣe ìwé ọgbọ́n-orí ni Ṣólàárín fi jiyàn. Ṣòkòtò péńpé kákí ni ó fi jiyàn, oko ni ó fi jiyàn, àti ọmọ ilé-ìwé tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń sọ nínú ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni pé àdúrà ti di ìrọ̀rí fún wa, pé a ń bẹ Ọlọ́run ní ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, nínú Daily Times, ó kí àwọn ará Nàìjíríà kú ọdún tuntun nípa gbígbàdúrà pé kí ọ̀nà wọn rí pálapàla. Yorùbá tí ń fi ọ̀nà tí ó là ṣe àdúrà fún ara wọn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rí ní etí. Àwọn kan pè é ní èpè. Bẹ́ẹ̀, bí a bá gbọ́ ọ yékéyéké, kò jìnnà sí ohun tí àwọn àgbà wí pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ẹnu rẹ̀ mú un rí ìyà. Láti ọdún 1984 di 1985, ìjọba ológun fi í sí àtìmọ́lé fún oṣù 17. Nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni, kì í ṣe nítorí pé ó sẹ́ Ọlọ́run. Èyí ṣe pàtàkì. N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Yorùbá lé e kúrò ní ìlú nítorí àìgbàgbọ́ rẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àlùfáà bá a jiyàn, àwọn òbí tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sì ń du ààyè fún ọmọ wọn ní ilé-ìwé rẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n wò, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti ń wo ohun tí ènìyàn ń ṣe kí wọ́n tó wo ohun tí ó ní òun gbà. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1994.

Mo ní ẹ̀sùn kan sí Ṣólàárín. Ó rí àdúrà ọ̀lẹ, ó sì bá a wí dáadáa. N kò rí i kí ó fún àdúrà ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ààyè tí ó tó. Nígbà tí alágbára bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ opó, tí opó náà sì wo òkè, tí ó ní Ọlọ́run ń bẹ, kì í ṣe pé ó ń sùn lé ìrọ̀rí. Ẹjọ́ ni ó ń pè, nígbà tí kò sí ilé ẹjọ́ mìíràn tí yóò gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn elérò àrídìmú

Láàrin ọdún 1970 sí 1990, ẹ̀kọ́ Marx gbilẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Èrò àwọn wọ̀nyí ni mo pè ní èrò àrídìmú: pé ohun tí ó ṣe é rí, tí ó ṣe é dì mú nìkan ni ó wà, àti pé bí a ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wa ni ó ń bí èrò wa, títí kan èrò wa nípa Ọlọ́run. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yìí ni pé nígbà tí èrò náà dé ọwọ́ òǹkọ̀wé eré wa, kò lè sọ̀rọ̀ láìpe òrìṣà. Fẹ́mi Òṣófisan, nínú eré rẹ̀ No More the Wasted Breed tí ó jáde ní ọdún 1982, fún Wọlé Ṣóyínká ní èsì lórí ọ̀rọ̀ fífi ènìyàn rúbọ fún ìlú. Ó gbé òrìṣà sórí ìtàgé kí ènìyàn lè bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ tálákà fún. Èṣù, tí Bíbélì Yorùbá ti sọ di Sàtánì, padà sínú eré rẹ̀ mìíràn bí ẹni tí ń dán ìwà ènìyàn wò. Aláìgbà ni ó bá wa gba Èṣù sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó gbàgbọ́.

Ṣùgbọ́n irú elérò àrídìmú kejì wà, tí kò ka Marx rí. Òun ni ó kún inú ilé ìsìn wa lónìí. Ohun tí a lè dì mú ni ó ń wá: ọkọ̀, ilé, ìwé àṣẹ ìrìnnà sí òkè òkun. Ó ń pe Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run kò bá kó nǹkan wọ̀nyí wá, yóò wá wòlíì mìíràn lọ, gẹ́gẹ́ bí ará àtijọ́ ti ń fi òrìṣà tí kò gbè é sílẹ̀. Bí a bá gbé ọkùnrin oníṣòkòtò péńpé tí kò gbà pé Ọlọ́run wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù tí ó kó owó ìjọ ra ọkọ̀ òfuurufú, èwo nínú àwọn méjèèjì ni elérò àrídìmú? Èmi onígbàgbọ́ ni mo béèrè, ìbéèrè náà sì ń dùn mí.

Èsì tí mo fún ọmọ náà

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ní orílẹ̀-èdè wa yìí, wọ́n mú Mubarak Bala, ọmọ Kánò tí ó ní òun kò gbà pé Ọlọ́run wà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 nítorí ohun tí ó kọ. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ní Kánò rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 24. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí ọdún márùn-ún ní ọdún 2024, ó sì gba òmìnira ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Bẹ́ẹ̀, ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 38, fi ọwọ́ sọ̀yà pé olúkúlùkù ní òmìnira èrò, òmìnira ẹ̀rí-ọkàn àti òmìnira ẹ̀sìn. Kí àwa Yorùbá má tètè fi ara wa yangàn. Ẹ̀rín tí wọ́n rín nínú kíláàsì mi àti ilé tí wọ́n ń lé ọmọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí èrò ọkàn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀wọ̀n náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì pé, mo dá ìbéèrè náà pa dà sí kíláàsì. Mo sọ fún wọn pé Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, pé kì í ṣe nítorí pé irú rẹ̀ kò lè sí, bí kò ṣe nítorí pé àwọn baba wa kò fi èrò ọkàn dá ẹjọ́ ènìyàn. Mo ní kèfèrí kọ́, aláìgbàgbọ́ kọ́, wèrè sì kọ́. Bí ó bá jẹ́ dandan kí a pè é ní nǹkan, kí a pè é ní ẹni tí kò tíì gbà. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ó sì fi ààyè sílẹ̀ fún un àti fún wa.

Ọmọ náà tún dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní òun fẹ́ràn gbogbo rẹ̀ àfi "tíì" yẹn, nítorí ó dà bí ẹni pé mo ṣì ń retí òun. Mo ní òótọ́ ni, mo ń retí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ń retí tèmi. Mo bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun yóò sọ fún un nígbà tí òun bá lọ sílé ní ìsinmi. Mo ní kí ó má ṣe bá a jiyàn, kí ó kọ́kọ́ bá a pọn omi, kí ó bá a gún iyán, kí ó tó sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ bá mi gbàdúrà sí i, sà." A jọ wo ara wa, àwa méjèèjì sì bú sí ẹ̀rín. Mo sì gbàdúrà náà.